Ohùn Mi Nínú Fíìmù Àwọn Ọmọ Ìta

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa wá bá mi pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé girama, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló fẹ́ kí ọmọ òun ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà kọ ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́." Mo ti wá jókòó báyìí, n kò sì ní fi nǹkan kan pamọ́.

Orúkọ mi ni Mùdàṣírù. Tudun Wada ní Kaduna ni wọ́n ti bí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá síbí. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, Hausa là ń sọ níbi gbogbo tó kù, débi pé bí mo bá jí lójú àlá, n kì í mọ èdè tí mo fi lá a. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe ògbufọ̀ fíìmù. Àwọn oníṣòwò á gbé fíìmù Íńdíà tàbí ti òyìnbó wá, àwa á rẹ ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, a ó sì fi ohùn tiwa sọ ọ̀rọ̀ wọn ní Hausa, kí ẹni tí kò lọ iléèwé lè gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá dàgbà ní Kaduna, tí ẹ sì ti wo fíìmù kan rí tí bàbá ọmọge kan ti ń fi Hausa búra pé ọmọ òun kò ní fẹ́ tálákà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni bàbá náà. Èmi náà sì ni tálákà tó ń bẹ̀ ẹ́.

N kò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe wọṣẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kakuri ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí, mo ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ẹnì kan tó ti gbọ́ bí mo ṣe ń fi ìtàn pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín níbi ìsọmọlórúkọ ló mú mi lọ bá Bàbá Ísíákà. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ a jẹun, a sì rán ọmọ níléèwé. Ó parí.

Bàbá Ísíákà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ Ìlọrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ kì í wọ́. Kó tó di ògbufọ̀ fíìmù, kóòtù ló ti ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló máa ń dúró láàrin adájọ́ àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí í sọ ohun tí eléyìí wí fún tọ̀hún. Ìwà kóòtù yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú. Yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ fídíò méjì tí a fi wáyà so pọ̀, àti máìkì kan tó fi ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ lórí kí èémí wa má baà máa dún. Ó to fóòmù àtijọ́ mọ́ gbogbo ògiri, ó sì gbé fáànù jáde torí ariwo rẹ̀. Ẹ mọ bí oṣù kẹta ṣe máa ń rí ní Kaduna. A máa ń jáde níbẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sódò.

Odidi oṣù mẹ́fà ni n kò fi fọwọ́ kan máìkì. Á pa ohùn fíìmù pátápátá, á ní kí n wo ojú òṣèré kí n sọ ohun tó ń ṣe é.

Mo ní, "Ó ń bínú, Ọ̀gá."

"Wo ọwọ́ rẹ̀."

Mo wò ó. Ọwọ́ ọkùnrin náà ń gbọ̀n.

"Ṣé ẹni tó ń bínú nìyẹn?"

Nígbà mìíràn, á tan rédíò sí ìròyìn òyìnbó, á ní kí n máa sọ ọ́ ní Hausa bó ṣe ń jáde. Bí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ kan kún un, á pa rédíò. "Ta ló sọ ìyẹn?" Màá ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́. "Kí ló wá ń ṣe lẹ́nu ẹ?" Kò jẹ́ kí n jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ iṣẹ́ torí èérún rẹ̀ máa ń há sọ́nà ọ̀fun. Kò jẹ́ kí n mu omi tútù. Omi gbígbóná àti atalẹ̀ ni mò ń mu láàárọ̀, bíi pé àìsàn ń ṣe mí.

Ọjọ́ kan wà tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí odidi fíìmù kan, wákàtí méjì àbọ̀. Ó ku ibi tí ọkọ ń dágbére fún ìyàwó. Ọkọ ní, "Mò ń lọ." Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí bíi pé ó kéré, ni mo bá ní, "Mò ń lọ, ìwọ òdòdó ọkàn mi, bí n kò bá padà, kí òṣùpá máa bá ọ sọ̀rọ̀." Bàbá Ísíákà kò bínú. Ó kàn yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níwájú mi, láti orí dé ìsàlẹ̀.

"Ó yá," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo jáde lọ síwájú ilé, mo sunkún ìbínú, èmi bàbá ọmọ mẹ́ta. Mo lọ sílé, mo ní n kò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Bàbá Kúbúrà, ẹ jókòó sílé títí ìbínú á fi rọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ padà." Mo padà kí ìrọ̀lẹ́ tó dé.

Lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán dé. A kó ẹ̀rọ fídíò méjèèjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ra kọ̀ǹpútà. Ojú Bàbá Ísíákà kò ríran dáadáa mọ́, lẹ́tà tó wà lójú kọ̀ǹpútà sì kéré fún un. Ó gbé yàrá náà fún mi, ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ rédíò. Nígbà tó yá, àwo náà kò tà mọ́. Àwọn èèyàn ń gba fíìmù sínú fóònù wọn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kasuwan Barci. Olúkúlùkù ń fi okùn kékeré kan sétí, ó ń dá wò ó. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi dára, màá lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án tí wọ́n bá ń fi fíìmù hàn níbẹ̀. Màá gbọ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Nígbà tí fóònù dé, n kò mọ ohun tí fíìmù ń ṣe sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ràn ohùn mi. Kò sí ẹni tó lè pa ẹ̀rọ mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo bá rí i pé ibi tí mo ti fi iyọ̀ sí i gan-an ni àwọn èèyàn ń sọ kiri. Bí mo bá dé ọjà, alápatà á ní kí n pe òun lórúkọ bí ọba inú fíìmù ṣe ń pe ẹrú rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀. N kò ní parọ́.

Báyìí ni fíìmù náà ṣe dé ọwọ́ mi. Òyìnbó àti Píjìn ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ará Nàìjíríà ló ṣe é, àwọn ará wa sì sọ ọ́ ní Layin Baya, àdúgbò ẹ̀yìn. Ìtàn àwọn ọmọ ìta ni, irú àwọn tí à ń pè ní sara-suka níbí, tí wọ́n ń fi àdá àti ọ̀bẹ bá ọmọ àdúgbò mìíràn jà. Kò ní orin aládùn, kò ní ìfẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tánkó ló wọ ẹgbẹ́ náà torí pé ó ń bẹ̀rù wọn. Ó di olórí wọn, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi bàjẹ́. Oníṣòwò tó gbé e wá ní, "Mùdà, jẹ́ kó gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa rà á."

Mo jẹ́ kó gbóná. Ibì kan wà tí Tánkó ti kọ́kọ́ mú àdá lọ́wọ́, tó sì ń kọjá láàrin àwọn ọmọ àdúgbò kejì. Ohun tó sọ níbẹ̀ kò ju kí wọ́n jọ̀ọ́ sún fún òun kí òun kọjá. N kò fi bẹ́ẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Mo rí àdá, mo fa ohùn mi wálẹ̀, mo ní, "Ni ne rana, ku nemi inuwa!" Èmi ni oòrùn, ẹ wá ibòji lọ. Ó dùn lẹ́nu mi débi pé mo tún un sọ nígbà mẹ́ta nínú fíìmù náà.

Mo lọ wò ó ní ilé ìwòran lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ọmọkùnrin kún orí bẹ́ńṣì, àwọn mìíràn dúró sójú fèrèsé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn jáde, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń lu bẹ́ńṣì, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe àdá. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá dìde, ó jáde. Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé nínú fíìmù náà, mo ti fi ẹkún àti ègún kún ẹnu ìyá Tánkó, mo tín ohùn mi bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn obìnrin. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i. Mo sì ṣàlàyé fún ara mi pé bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Yákúbù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fa ọ̀bẹ yọ. Ẹni tó fà á yọ sí ni Wàsíù, ọmọ Yorùbá, ojúlé kẹrin sí ilé Yákúbù. Wàsíù ń kọ́ iṣẹ́ wáyà iná. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú, ọ̀bẹ náà sì gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn dókítà rán an, ọwọ́ náà jiná, ṣùgbọ́n iṣan ti gé. Àwọn ìka kò ká mọ́.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Aránṣọ ni Ìyá Wàsíù, obìnrin tí kì í pariwo. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló ń rán aṣọ iléèwé gbogbo ọmọ àdúgbò wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ mi, fóònù lọ́wọ́. Kò kí mi. Ó tẹ fóònù náà, ohùn mi sì jáde: "Ni ne rana, ku nemi inuwa!"

"Bàbá Kúbúrà, ohùn ta nìyí?"

Mo ní, "Ìyá Wàsíù, ẹ jókòó ná. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ."

"Mo ní ohùn ta nìyí?"

"Ohùn mi ni. Ṣùgbọ́n fíìmù ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe fíìmù. Ohun tí wọ́n bá sọ lèmi náà ń sọ."

"Ohun tí Yákúbù pariwo nìyẹn kó tó gún ọmọ mi. Wàsíù gbọ́ ọ. Gbogbo àwọn tó wà lórí pápá ló gbọ́ ọ. Yákúbù kò gbọ́ òyìnbó, Bàbá Kúbúrà. Kò mọ ohun tí wọ́n sọ nínú fíìmù. Ohun tí ẹ̀yin sọ ló mọ̀." Ó gbé fóònù náà sún mọ́ mi. "Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ nìyẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà máìkì. Èmi tí mo fi ẹnu jẹun. Ó wo ọwọ́ mi títí mo fi ká a tán, ó sì yí padà lọ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ísíákà lọ́jọ́ kejì. Kò lè ríran mọ́ rárá nígbà náà. Mo fi ohùn òṣèré gan-an sí i fún un, lẹ́yìn náà mo fi tèmi sí i. Ó ní kí n tún fi méjèèjì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá ní, "Mùdà, nígbà tí mo wà ní kóòtù, ọkùnrin kan sọ pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jalè. Mo sọ fún adájọ́ pé ó ní òun wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ilé ni mo wà nígbà tí mo rántí. Ọkùnrin náà ti wà lẹ́wọ̀n."

"Kí lẹ ṣe, Ọ̀gá?"

"Mo wọ aṣọ mi. Mo lọ dúró níwájú adájọ́ láàárọ̀, mo ní èmi ni mo ṣì í. Ojú tì mí débi pé n kò mọ bí mo ṣe jáde. Wọ́n yọ mí níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà lọ sílé." Ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi. "Má wá sunkún síbí. Lọ tún un ṣe. Kí gbogbo ẹni tó gbọ́ tàkọ́kọ́ gbọ́ èkejì."

Mo lọ bá oníṣòwò náà, mo ní mo fẹ́ tún fíìmù náà ṣe. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní, "Kai, Mùdà! Ọjà tó ń tà?" Ó ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, kí n má retí iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ òun. Mo ní kò burú. Kò sì gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé Ìyá Wàsíù. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ju mí lọ́jọ́ orí ni? Rárá, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ, mo sì dọ̀bálẹ̀ náà. Mo sọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mo fẹ́ ṣe. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ó ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ìyá ọmọ inú fíìmù yẹn," ló wí nígbà tó pẹ́, "ta ló máa ṣe é?"

"Èmi náà ni. Mo máa ń tín ohùn."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ máa tín ohùn?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé Wàsíù dé, ẹ̀jẹ̀ kún ilẹ̀. N kò sunkún. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kò mọ bó ṣe ń rí. Èmi ni màá ṣe é."

Wàsíù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ó fi Hausa sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má lọ, pé àwọn ọmọ ìta á fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá fi Yorùbá dá a lóhùn pé, "Kí wọ́n fi mí ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Ìyá Wàsíù á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní agogo méjì, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ooru yẹn. Kò mọ nǹkan kan nípa máìkì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fi kún fíìmù náà tí kò rí. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n gbé òkú Tánkó dé, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo sì tún gbọ́ ohun tí ìyá náà sọ gan-an. Kò ṣépè rárá. Ó wo ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tọ́ka sí Ìyá Wàsíù. Ó sún mọ́ máìkì.

"Ku ba ni ruwa."

Ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo pa ẹ̀rọ, mo sì jáde lọ dúró lójú oòrùn fúngbà díẹ̀. Nígbà tí mo padà, ó ti ń nu ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Èwo ló kàn?"

Ilé ìwòran kan náà la ti kọ́kọ́ fi í hàn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Onílé ìwòran kò fẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì yá a ní jẹnẹrétọ̀ mi. Àwọn ọmọkùnrin yẹn náà ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ lórí. Nígbà tí Tánkó mú àdá, wọ́n ti dìde kí wọ́n tó gbọ́ ohunkóhun. Gbogbo wọn pariwo rẹ̀ pọ̀: "Ni ne rana..."

Ohun tó jáde lẹ́nu Tánkó ni, "Don Allah, ku matsa, in wuce." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún, ẹ jẹ́ n kọjá. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú èémí tó ń já.

Wọ́n dúró lórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ lókè. Ẹnì kan hó pé wọ́n ti ba fíìmù jẹ́. Wọ́n ju ọ̀rá omi lù mí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan níwájú sọ pé, "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Wallahi, ó ń gbọ̀n." Wọ́n ní kí n dá fíìmù náà padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ariwo bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Àwọn kan ní olórí ẹgbẹ́ kì í bẹ̀rù, àwọn kan ní irọ́ ni, gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù. Ọmọ kan tó ní àpá létí ní ó ń ṣẹlẹ̀ sí òun náà, pé òun kì í lè fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ tí àwọn bá máa jáde lọ jà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ohùn Ìyá Wàsíù, àwọn tó dúró jókòó.

Wàsíù ti jókòó sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ nínú àpò. N kò rán an níṣẹ́ kankan. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó wá síwájú, ó yọ ìṣáná jáde. Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún mú igi kan. Ó bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó wá gbé e sí ọwọ́ òsì, ó ṣá a, iná ràn. Ó ní lédè Hausa pé, "Òsì ni mo fi ń so wáyà báyìí. Ó máa pẹ́ díẹ̀, àmọ́ màá mọ̀ ọ́n." Ó padà lọ jókòó.

Láti ibẹ̀ la ti gbé fíìmù náà kiri. Mo ń fi í hàn, màá dá a dúró láàrin, màá sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́kọ́ pa irọ́ níbí, màá wá béèrè ohun tí wọ́n rí. Ní Mando, níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àwọn bàbá tó ń wakọ̀ ló pọ̀ jù. Ọ̀kan dìde, ó ní àwọn ìyá ló ń ba ọmọ jẹ́. Ìyá Wàsíù bi í pé kí lorúkọ ọ̀rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ jù lọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ó bi ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ní Ungwan Rimi, nínú pálọ̀ lọ́yà kan, wọ́n fún wa ní ohun mímu tútù, wọ́n sì ní fíìmù náà ń ba orúkọ Kaduna jẹ́, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí ládùúgbò àwọn. Ọmọbìnrin lọ́yà náà ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní ẹni tó gba fóònù òun ní ìgboro wọn lóṣù tó kọjá, ọmọ ilé kejì ni. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ rí. Àwọn méjèèjì ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń di wáyà wa.

Àwọn kan bú wa. Àwọn kan ní kí a lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n gé wáyà wa. A ra òmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ máa béèrè bóyá iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti ń sọ èdè fúnra rẹ̀ báyìí. Mo ti gbọ́ ọ, ó ń sọ Hausa bí ẹni tó ń ka oògùn. Iṣẹ́ ṣì wà. Ìyá Wàsíù ló ni yàrá fóòmù yẹn báyìí, obìnrin méjì ló sì ń ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ lọ bá a, àmọ́ ẹ má rò pé ó máa gbé máìkì fún yín lọ́jọ́ kìíní.

Ọ̀nà ọ̀fun ló lé mi níṣẹ́. Ohùn mi ń há, ó ń já, mo sì lọ rí dókítà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí n kò bá sinmi ẹnu, ohùn náà á lọ pátápátá. Mo ní kó fún mi ní oṣù kan. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi oṣù kan ṣe. Mo ní ibì kan ṣì kù tí a kò tíì dé.

Ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ sófin sọ́nà. Yákúbù tó gún Wàsíù wà níbẹ̀. Àwọn alábòójútó ibẹ̀ gbà kí a wá. Mo sọ fún Ìyá Wàsíù pé kò pọn dandan kó bá mi lọ, ohùn rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ. Ó ti wọ híjáàbù rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n kó àwọn ọmọ náà jókòó sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn kan. Yákúbù ti ga, irun ti ń hù létè rẹ̀. Kò rí Ìyá Wàsíù, ẹ̀yìn la jókòó sí. Ó ń wo fíìmù náà tọkàntọkàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àdá dé, ó tẹ orí ba díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Tánkó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ku ba ni ruwa."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni obìnrin yẹn fi wọn ejìká Yákúbù fún aṣọ iléèwé. Ó dá ohùn náà mọ̀. Mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe le. Ó wẹ̀yìn, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ó sì fò dìde, ó fẹ́ jáde. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn náà dìde. Ẹnì kan ti di apá rẹ̀ mú.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn mi kò jáde.

Ìyá Wàsíù kò dìde, kò sì gbé ohùn sókè. Ó sọ ọ́ ní Hausa bí ẹni ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Yákúbù, jókòó. Fíìmù náà kò tíì parí."

Yákúbù dúró níbẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó síbi tó wà. Ìyá Wàsíù ká híjáàbù rẹ̀, ó kọjá láàrin àwọn ọmọ náà, ó sì lọ jókòó sórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó fi àyè díẹ̀ sáàrin. Ó kọjú síwájú. A sì wo fíìmù náà tán.